Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Òjò Àná Dán Awòṣe Òjò Ọ̀la Wò

Bí àlejò kan bá wọ ìlú wa, tí ó ní òun mọ bí òjò yóò ti máa rọ̀ ní ilẹ̀ yìí ní ọdún 2050, àti bí ooru yóò ti máa mú tó nígbà tí àwọn ọmọ tí a ń pọ̀n lónìí bá di baba àti ìyá ọlọ́mọ, ìbéèrè tí ó tọ́ kí a kọ́kọ́ bi í kì í ṣe bí ọjọ́ iwájú náà yóò ti le tó, bí kò ṣe bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ ọjọ́ àná sí. Nítorí àwọn baba wa kò sọ ọ́ lásán pé ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Àlejò tí mo ń wí yìí ti dé ná. Kì í ṣe babaláwo, kì í sì í ṣe wòlíì. Ìṣirò ni, ìṣirò gígùn tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kó sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń pè ní awòṣe ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń wọ inú ètò ìjọba lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, lórí ìdídò àti lórí ojú àgbàrá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ètò wọn lé e kò tí ì bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ilẹ̀ wa mọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlọ́ létí ẹni tí kò bá àwọn onímọ̀ náà jókòó nídìí iṣẹ́ wọn, ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀. Awòṣe a máa da àwọ̀n bo ilẹ̀ àti òkun àti òfuurufú, nínú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni ó sì ti ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, bí oòrùn ti ń ta, bí omi ti ń di ìkuukùu, tí ìkuukùu sì ń di òjò, ní ìṣẹ́jú mélòó kan mélòó kan, títí ọgbọ̀n ọdún tàbí ọgọ́rùn-ún ọdún yóò fi kọjá nínú kọ̀ǹpútà náà. Awòṣe tí ó kó gbogbo ayé pọ̀ kì í sábàá ní àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há. Ojú kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí Ìbàdàn mesí Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé àti Abẹ́òkúta abẹ́ Olúmọ, pẹ̀lú gbogbo oko àti ọ̀dàn tí ó wà láàrin wọn, fi lè di ẹyọ nọ́ńbà kan. Ìdí nìyí tí a fi dá awòṣe agbègbè sílẹ̀, èyí tí ó mú igun ayé kan ṣe ìlú tirẹ̀, tí ó mọ odi yí i ká, tí ó sì ń fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ há ju ti ìṣáájú lọ wo ohun tí ó wà nínú odi náà. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin tí ń gba ẹnu bodè wọlé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti ń gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti wọlé tán, ọrùn tirẹ̀ ni ó wà. Láti òpin àwọn ọdún 1980 ni irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àgbà rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RegCM, sì wà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ Abdus Salam ní Trieste, ní ilẹ̀ Ítálì, níbi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ọmọ Áfíríkà ti kọ́ bí a ti ń lò ó.

Bí a ti ń dán an wò ni ó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìdánwò òtítọ́ ni. Ní ọdún 2009 ni àwọn tí ń darí ìwádìí ojú ọjọ́ àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní CORDEX, láti kó àwọn awòṣe agbègbè láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ sí ojú kan, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì fi ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo ilẹ̀ ayé. Wọ́n fún awòṣe mẹ́wàá ní iṣẹ́ kan náà: ojú àwọ̀n tí ó fẹ̀ tó 50 kìlómítà, odi kan náà yí Áfíríkà ká, àti ohun tí ó fẹ́ gba ẹnu bodè wọlé ní tòótọ́ láti ọdún 1989 títí di 2008, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù ti tò ó jọ láti inú àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí ó ti kọjá. Wọ́n wá ní kí kálukú wọn tún ogún ọdún náà rọ́ fún àwọn. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni wọ́n ní kí awòṣe náà ṣe. Nígbà tí ó sì ti jẹ́ pé òtítọ́ ni a fún un lẹ́nu bodè, kò sí ẹni tí yóò lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù bí ìtàn rẹ̀ bá wọ́.

Àbọ̀ ìdánwò náà jáde nínú ìwé tí Grigory Nikulin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní 2012, àti nínú èyí tí Emiola Gbobaniyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà, kọ lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ní 2014. Kí n má ṣe fi ohun rere pamọ́: àwọn awòṣe náà gbìyànjú gidigidi. Wọ́n mọ̀ pé òjò a máa ti etí òkun gòkè lọ sí ìhà àríwá, pé a sì máa padà wálẹ̀. Wọ́n mọ oṣù tí ooru ń mú jù àti èyí tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ní ti ooru àti òtútù pàápàá, wọ́n sún mọ́ òtítọ́ ju bí wọ́n ti sún mọ́ ọn ní ti òjò lọ. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ kékeré nìyẹn, kí ó rántí pé kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ oṣù kankan sí awòṣe lọ́wọ́ pé ìgbà báyìí ni kí òjò bẹ̀rẹ̀. Láti inú òfin ooru àti afẹ́fẹ́ àti omi ni ó ti ṣírò rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn da òjò sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn kan sì háwọ́, àṣìṣe ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì.

Àṣìṣe kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti gbogbo wọn, èmi kò sì rò pé ó yẹ kí a sáré kọjá lórí rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ bí òjò ńlá ti ń rọ̀ ní ilẹ̀ yìí nígbà tí ó bá tó àkókò rẹ̀: oòrùn ọ̀sán a mú ganrínganrín, kò ní sí atẹ́gùn, ara yóò máa ta ènìyàn, nígbà tí yóò bá fi di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ìhà ìlà-oòrùn yóò ṣú dẹ̀dẹ̀, ìjì yóò kọ́kọ́ dé, àwọn ìyálọ́jà yóò máa sáré palẹ̀ ọjà mọ́, lẹ́yìn náà ni eji yóò tú. Lókè lọ́hùn-ún, ní ìhà àríwá, òru ni irú òjò ìjì bẹ́ẹ̀ ń bá ọ̀pọ̀ ìlú, nítorí ó ti rin ìrìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà láti ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn awòṣe wọ̀nyẹn, nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí tán, kò sí ìdúró, kò sí ìṣúdẹ̀dẹ̀, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé ìkuukùu tí ń mú òjò wá kì í fẹ̀ ju kìlómítà díẹ̀ lọ, ojú àwọ̀n oní-50 kìlómítà kò sì lè rí i, gẹ́gẹ́ bí àwọ̀n ńlá kì í ti í mú ẹja wẹẹrẹ. Nítorí náà àwọn onímọ̀ a máa fi òfin kan dípò rẹ̀, òfin tí ó wí pé bí ilẹ̀ bá ti gbóná tó báyìí, tí ọ̀rinrin sì ti pọ̀ tó báyìí, kí òjò rọ̀. Òfin náà kò ní sùúrù. Ó tún ní àbùkù mìíràn: a máa fi òjò wẹliwẹli kún ọjọ́ tí ó pọ̀, kì í sì í sábàá mọ bí a ti ń rọ àrọ̀ọ̀rọ̀dá.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni ti wákàtí, nígbà tí iye òjò oṣù náà bá ti pé. Mo ní ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Omi tí ó rọ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, oòrùn yóò gbà nínú rẹ̀ kí ó tó wọ ilẹ̀, èyí tí ó rọ̀ lálẹ́ yóò sì dé ìdí iṣu. Ìkuukùu tí ó bo oòrùn lọ́sàn-án yóò mú kí ooru ọjọ́ náà dínkù ju bí ó ti rí ní tòótọ́ lọ. Awòṣe tí ó pa iye òjò pọ̀ dọ́gba lẹ́yìn tí ó ti ṣi wákàtí rẹ̀ mú, ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ ni kò tọ̀nà, ọ̀nà náà ni yóò sì tún gbà lọ sí ọdún 2050.

Ìdánwò tí ó le jù fún awòṣe ní ilẹ̀ Yorùbá, lójú tèmi, ni oṣù kẹjọ, oṣù Ògún. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo ní àkọ́rọ̀, tí ó tún fẹ́ gbin òmíràn ní àrọ̀kúrò, mọ̀ pé láàrin méjèèjì òjò a máa sinmi; ó mọ̀ pé nígbà tí ìsinmi náà bá parí, ọ̀wàrà òjò yóò tún dé, èyí tí a gbọ́ nínú orúkọ tí a ń pe oṣù kẹwàá. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ rí i pé ní ìparí oṣù kẹfà, ní nǹkan bí ọjọ́ 24, ojú òjò a máa fò láti etí òkun lọ sí ìhà àríwá, bí ẹni pé ó fo odò. Ní àkókò kan náà omi tútù a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà àti Ivory Coast, afẹ́fẹ́ tí ó ń ti ojú òkun wá a sì rọlẹ̀, kò ní agbára láti gun òkè di ìkuukùu òjò. Etíkun Accra àti Lomé, níbi tí òjò ọdún kan kì í sábàá tó 1,000 mìlímítà bí Èkó tilẹ̀ ti ń gbà ju 1,500 lọ, omi tútù yìí wà lára ohun tí a gbà pé ó fa àìtó òjò rẹ̀. Awòṣe tí a bá fún ní òkun tí ó gbóná ju bí ó ti yẹ lọ lẹ́nu bodè kò ní mọ ìsinmi yìí, yóò máa da òjò sí wa lórí láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá láìdánudúró. Bí ó bá sì jẹ́ irú rẹ̀ ni ó ń sọ fún àgbẹ̀ ọ̀la pé ìgbà ọ̀gbìn rẹ̀ yóò gùn sí i, inú òfìfo ni ó ti ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé nínú oṣù ìsinmi yìí kan náà ni òjò ti ṣe Ìbàdàn léṣe jù. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980 ni Ògùnpa kún àkúnya, tí ó gbé ilé, tí ó gbé ọkọ̀, tí ó gbé ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí orúkọ odò náà fi di ohun ẹ̀rù títí di òní. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún ọdún 2011, òjò tí ó tó nǹkan bí 187 mìlímítà tún rọ̀ láàrin ìrọ̀lẹ́ sí òru, àwọn ènìyàn tí ó sì bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Ẹni tí ó bá pín òjò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ojú àwọ̀n oní-50 kìlómítà, tí ó sì tún pín in káàkiri ọgbọ̀n ọjọ́, kò ní rí nǹkan kan tí ó tó ẹ̀rù bà. Oṣù jẹ́ẹ́jẹ́ ni yóò pè é.

Nítorí náà ni inú mi fi dùn nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti láti ilẹ̀ wa kó ohun èlò wọn jọ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní DACCIWA, tí wọ́n fi ibùdó ìwòye mẹ́ta lélẹ̀: ọ̀kan ní Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, ọ̀kan ní Ṣábẹ ní ilẹ̀ Bìnì Olómìnira, ọ̀kan ní Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi ojúmọ́ ti í mọ́ wá, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú mẹ́ta, ti Jámánì, ti Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ń gbéra láti Lomé lọ wo inú ìkuukùu. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìkuukùu pẹrẹsẹ tí í rọra bo ojú ọ̀run wa ní òru ìgbà òjò, tí kì í ga sílẹ̀, tí í wà níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi ga kí ó tó tú ká. Ẹni tí ó bá jí lọ sí oko ní oṣù keje mọ̀ ọ́n. Òun ni ó jẹ́ kí òwúrọ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù láti òkun àti ẹ̀fúùfù òru ni ó ń pò ó pọ̀. Ọ̀pọ̀ awòṣe kò rí i bó ti yẹ, wọ́n sì jẹ́ kí oòrùn ta dé ilẹ̀ ní òwúrọ̀ tí kò yẹ kí ó ta. Láti ibẹ̀ ni àṣìṣe ooru ti ń bí àṣìṣe òjò, tí àṣìṣe òjò tún ń bí ti ooru. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá ru láti kòtò Bodélé ní ilẹ̀ Chad, tí ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú oòrùn. Awòṣe tí kò mọ eruku kò lè mọ òtútù ọyẹ́.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òtítọ́ tí a fi ń dán awòṣe wò wà nínú àpò wa. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Láti mọ̀ bóyá awòṣe purọ́, a gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí náà sì ni agolo tí a fi ń wọn òjò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ní nínú rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Láàrin agolo kan sí èkejì, àwọn tí ń ya àwòrán òjò a máa fi ìṣirò dí àlàfo náà, tàbí kí wọ́n wo ẹnu sátẹ́láìtì, irú èyí tí Amẹ́ríkà àti Japan jọ rán lọ sókè ní 1997, tí ó ṣiṣẹ́ títí di 2015. Nígbà tí a bá gbé àwòrán ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, pàápàá lórí iye ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti bí òjò ńlá ti tó, ẹnu wọn kì í kò. Bí ẹlẹ́rìí méjì bá ń ta ko ara wọn, ta ni adájọ́ yóò dá lẹ́bi? Awòṣe kan náà lè jẹ̀bi lọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí kan, kí ó sì jàre lọ́dọ̀ èkejì.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, ilé funfun kékeré kan wà nínú ọgbà wa, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ara rẹ̀ rí bí fèrèsé onípátákó, inú rẹ̀ ni ohun tí a fi ń wo ooru wà. Agolo òjò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú koríko. Olùkọ́ wa kì í jẹ́ kí òwúrọ̀ kan kọjá láìrán ọ̀kan nínú wa lọ ka ohun tí ó wà níbẹ̀ kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, bí òjò rọ̀, bí kò rọ̀. Bí kò bá rọ̀, òdo ni a óò kọ, nítorí ó ní òdo pàápàá ọ̀rọ̀ ni. Mo padà lọ síbẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ilé funfun náà ti wó, agolo kò sí mọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún mi ibi tí ìwé ńlá náà wọlé sí. Ọdún mélòó ni òjò ìlú náà tí ó sọnù pẹ̀lú rẹ̀, kò sí awòṣe tí yóò lè bá wa wá a rí.

Àwọn onímọ̀ ní oògùn kan fún àṣìṣe awòṣe: wọn a kó mẹ́wàá wọn pọ̀, wọn a sì gba àárín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, òtítọ́ ni, àárín mẹ́wàá náà sì sábà máa ń sún mọ́ òjò tòótọ́ ju ti ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí a ṣọ́ra níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá bu òjò lé, tí èkejì bù ú kù, tí àárín wọn wá bọ́ sí i gẹ́lẹ́, kò sí ẹni tí ó mọ òjò nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ayé bá sì ti gbóná sí i, ta ni ó fi dá wa lójú pé àṣìṣe wọn yóò tún máa pa ara wọn rẹ́ bẹ́ẹ̀? Èmi ì bá fẹ́ ìdánwò tí ó ń fi ìdí àṣìṣe hàn ju àárín tí ń bò ó mọ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀nà mìíràn ti là. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ jẹ́ 4.5 kìlómítà bo gbogbo Áfíríkà, ojú tí ó há tó láti jẹ́ kí ìjì òjò dìde fúnra rẹ̀ láìsí òfin aláìnísùúrù nì. Òjò ọ̀sán gangan dínkù níbẹ̀, ó ń rọ̀ ní wákàtí tí ó sún mọ́ tiwa, òjò ńlá sì dà bí òjò ńlá. Nígbà tí wọ́n ní kí ó wo ọjọ́ iwájú, ó ní òjò líle yóò tún le sí i, ọ̀gbẹlẹ̀ tí ń jẹ jáde láàrin ìgbà òjò yóò sì pọ̀ sí i, ju bí àwọn awòṣe tí ojú àwọ̀n wọn fẹ̀ ti sọ lọ. Owó tí ó ń ná ni kò kéré: ọdún mẹ́wàá péré ti ìsinsìnyí àti mẹ́wàá ti ọ̀la ni wọ́n kọ́kọ́ lè ṣírò.

A kò ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, n kò sì bẹ ìjọba wa pé kí wọ́n rà á lọ́la. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún kò tó bẹ́ẹ̀ lówó. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá agolo òjò padà sí ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì fún olùkọ́ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ní owó díẹ̀ lé owó oṣù rẹ̀. Kí a kó àwọn ìwé òjò àtijọ́ jáde láti inú yàrá tí ikán ti ń jẹ wọ́n, ní àwọn oko ìwádìí àti ní ọ́fíìsì àgbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, òdo kọ̀ọ̀kan. Kí àwa fúnra wa sì kọ ìbéèrè ìdánwò náà, kì í ṣe kí a máa dúró de èyí tí a kọ fún wa níbòmíràn: ọjọ́ wo ni àkọ́rọ̀ dé, ọjọ́ mélòó ni òjò sinmi, wákàtí wo ni ó rọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni ó kọjá 100 mìlímítà ní ọjọ́ kan.

Nígbà tí àlejò náà bá sì tún dé pẹ̀lú àwòrán ọdún 2050 rẹ̀ aláràbarà, tí ó tẹ́ ẹ síwájú àwọn ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu bí gọ́tà Ìbàdàn yóò ti fẹ̀ tó, kí ẹnìkan nínú wọn dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó ní kí ó kọ́kọ́ ká a kúrò nílẹ̀ ná, kí ó sì fi oṣù Ògún wa hàn wá: ti 1980, àti ti 2011.